Ẹ wo omi ilé yín dáadáa kí ẹ tó ra ẹ̀rọ tuntun sí balùwẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀rọ omi inú balùwẹ̀ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ sọ́jà. Mo mọ bó ṣe máa ń rí, èèyàn á wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti to ẹ̀rọ sára ògiri, iná ń tàn sí wọn lára, ọ̀kan ń dán bíi góòlù, ọ̀kan dúdú kirikiri, ọ̀kan ọrùn ẹ̀ gùn bíi ti lékeléke, ọkàn á ti fà sí i kí wọ́n tó dá iye lé e. Àmọ́ inú ilé ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Táńkì yín, bésìn ìfọwọ́ yín, àti irú omi tí ẹ ń lò, àwọn ló máa sọ ẹ̀rọ tó bá yín mu.

Ilé màámi ní Abẹ́òkúta ló kọ́ mi ní èyí. Mo ra míksà kan fún wọn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po omi gbígbóná àti tútù pọ̀, ó rẹwà gan-an, apá kan ṣoṣo ló ní tí wọ́n á kàn gbé sókè tí omi á dé, torí ọwọ́ ń ro wọ́n, wọn ò lè fún orí ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn mọ́. Pùlọ́ńbà bá wa dè é, a ṣí i, omi tó jáde ò ju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Màámi dúró síbẹ̀ títí kí wọ́n tó rí omi tó tó ṣe àlùwàlá, wọn ò bínú sí mi o, wọ́n kàn ní "ó ṣeun ọmọ mi", àmọ́ nígbà tí mo máa padà lọ lọ́sẹ̀ kejì mo bá kẹ́tùlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bésìn. Ó dùn mí. Ẹ̀rọ yẹn ò sì bàjẹ́, táńkì wọn ni kò ga tó fún un.

Ẹ wọn gíga táńkì yín

Lọ́pọ̀ ilé lọ́dọ̀ wa, omi ìjọba ò dé, bóòhóòlù tàbí kàǹga la fi ń fa omi sínú táńkì, táńkì wà lórí irin tàbí lórí dẹ́kìn, omi á wá máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra ẹ̀. Gíga táńkì yẹn ni agbára omi yín, kò sí òmíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ ò le rárá: tí omi bá fi mítà 10 ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, bar 1 ni agbára ẹ̀ (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi), mítà kan wá jẹ́ bar 0.1. Tí omi inú táńkì yín bá fi mítà 3 ga ju ẹ̀rọ lọ, nǹkan bíi bar 0.3 lẹ ní nìyẹn. Ẹ wá yẹ ara páálí àwọn míksà tó ń ti òkè òkun wá wò, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé agbára omi ò gbọ́dọ̀ dín ní bar 0.5, òmíràn bar 1, torí ilé tí omi ti ń fi tipátipá bọ̀ láti inú páìpù ìjọba ni wọ́n ṣe é fún. Ti màámi, omi inú táńkì wọn ò fi ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ ga ju ẹ̀rọ, kò pé bar 0.25, ẹ̀rọ tí mo rà sì fẹ́ bar 1. Ó wà lára páálí. Mi ò kà á.

Tí ẹ bá ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ túbọ̀ ṣọ́ra, ẹ̀yin lẹ sún mọ́ táńkì jù, ẹ̀yin náà lomi yín máa lọ́ra jù, ará ìsàlẹ̀ ló máa ń gbádùn omi tó yára. 

Ẹni tí kò lè gun òkè lọ wọ̀n ọ́n, ẹ mú ike lítà kan, ẹ ṣí ẹ̀rọ àtijọ́ yín dé òpin, ẹ fi fóònù ka àkókò. Tí ike yẹn bá fi ìṣẹ́jú àáyá 10 kún, lítà 6 ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn, ó dáa, ẹ lè ra èyí tó wù yín díẹ̀, àmọ́ ẹ ṣì ka bar tó wà lára páálí. Tó bá ń lọ sí 20, ẹ kọ́kọ́ tú asẹ́ kékeré tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ, ẹ fọ yanrìn inú ẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n, torí ìdọ̀tí lè ti dí i. Tó bá tún ṣì ń fà, ẹ jẹ́ ká gbà pé agbára omi yín kéré. Irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ tí inú ẹ̀ fẹ̀ ni kí ẹ wá, irú èyí tí àwọn pùlọ́ńbà ń pè ní pillar tap, tí ìdí ẹ̀ jẹ́ háàfù íǹṣì gbọọrọ, ó dáa ju míksà tó jẹ́ pé họ́ọ̀sì méjì tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọmọdé ló ń gbé omi wọ inú ẹ̀. Ẹ lè gbé táńkì sókè sí i, ẹ sì lè ra pọ́ńpù tó ń ti omi, àmọ́ pọ́ńpù yẹn ń fẹ́ iná, ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ iná.

Ẹ ka ihò bésìn, kí ẹ ya fọ́tò

Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bésìn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Ihò mélòó ló wà lórí ẹ̀? Ọ̀pọ̀ bésìn tí wọ́n ń tà báyìí, ihò kan ṣoṣo ni, nǹkan bíi mìlímítà 35 ni fífẹ̀ ẹ̀, míksà tàbí pillar tap á wọ̀ ọ́. Àwọn tó ní ihò méjì, ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ṣe é fún, ọ̀kan omi gbígbóná ọ̀kan omi tútù, tí ẹ bá wá lọ ra oníhò kan ẹ máa ní láti ra ìdérí fún ihò kejì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ aáyán á sọ ibẹ̀ di ọ̀nà. Àwọn kan ò tiẹ̀ ní ihò rárá, àwọn tó dà bí abọ́ tí wọ́n gbé ka orí pátákó yẹn, tiwọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀rọ gíga tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tàbí èyí tó yọ lára ògiri.

Ẹ tún fi tẹ́pù wọn láti ihò ẹ̀rọ dé ibi tí omi ń gbà lọ nínú bésìn. Ẹnu ẹ̀rọ tuntun yẹn gbọ́dọ̀ nà dé itòsí ibẹ̀. Tó bá kúrú, ẹ̀yìn ọwọ́ yín á máa kan ara bésìn nígbàkígbà tí ẹ bá ń fọwọ́, tó bá sì ga jù tí bésìn ò jìn, omi á máa ta sí yín láṣọ, ìsàlẹ̀ á máa tutù, àgbàlagbà sì lè yọ̀ ṣubú níbẹ̀. Fún bésìn kékeré, kí ẹnu ẹ̀rọ fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 ga ju ojú bésìn lọ, ó tó. Nínú ilé tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, èmi á ní kí ẹ jẹ́ kó sún mọ́ 15 yẹn, kí apá lè wọ abẹ́ ẹ̀ títí dé ìgúnpá láìfi ara gbá nǹkan.

Ẹ má gbàgbé àyè tó wà lẹ́yìn ẹ̀ o, àwọn míksà kan, ẹ̀yìn ni apá wọn máa ń lọ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i, tí ògiri tàbí dígí bá sún mọ́ ọn kò ní ṣí dé òpin. Ya fọ́tò òkè, ya ti abẹ́, kọ gbogbo ìwọ̀n sínú fóònù.

Ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì

Èyí, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fún òkè òkun ò rò ó, àmọ́ àwa gbọ́dọ̀ rò ó. Púpọ̀ nínú wa, bọ́kẹ́ẹ̀tì la fi ń wẹ̀, ká tiẹ̀ ní ṣáwà lókè. Ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ ṣáwà ló ń ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo ilé, òun ló yẹ kó lágbára jù, òun làwọn èèyàn sì máa ń ra gbàrọgùdù sí. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ga jù nílé yín síbẹ̀, ẹ wọn gíga ẹ̀, kí ẹnu ẹ̀rọ ga jù ú lọ pẹ̀lú àyè tí ọwọ́ yín lè gbà dì í mú, kó sì yọ jáde lára ògiri tó kí omi máa balẹ̀ sáàárín bọ́kẹ́ẹ̀tì. Tí pùlọ́ńbà bá ṣì ń kọ́lé yín lọ́wọ́, ẹ bá a sọ ọ́ kó tó rẹ́ ògiri, torí lẹ́yìn táìsì, fífọ́ ni. Má ra ẹ̀rọ oníke sí ibí yìí, ọmọdé á fi bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ lọ́rùn, á kán, omi táńkì á ṣàn tán kí ẹ tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Ẹ̀gbẹ́ ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ṣàtááfù (họ́ọ̀sì kékeré tí wọ́n fi ń ṣan ìdí), kó ra èyí tó ní fáàfù tiẹ̀ lára ògiri, kí wọ́n máa ti fáàfù yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán, torí họ́ọ̀sì tó bá ń gbé omi sínú tọ̀sántòru ló ń bẹ́.

Ṣé ẹ ní hítà?

Tí ẹ ò bá ní wọ́tà hítà, tí ẹ ò sì ní in lọ́kàn, kí lẹ fẹ́ fi míksà ṣe? Ẹ ra èyí tó jẹ́ ti omi tútù nìkan, owó ẹ̀ kéré, nǹkan tó lè bàjẹ́ nínú ẹ̀ ò pọ̀. Tó bá jẹ́ míksà lọkàn yín ṣáà fẹ́, họ́ọ̀sì ti omi gbígbóná yẹn kò gbọ́dọ̀ wà lásán, ẹ ní kí wọ́n dí ìdí ẹ̀ pa, tàbí kí wọ́n fi tíì (ìso páìpù ẹlẹ́nu mẹ́ta) pín omi tútù sí méjèèjì, ìyẹn tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí omi pọ̀ díẹ̀ sí i. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá gbé apá ẹ̀ sáàárín báyìí, abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù lomi ń dà sí. Òsì ni ti gbígbóná o, ọ̀tún ni ti tútù, kí pùlọ́ńbà má lọ yí i padà kí àlejò má baà fi omi gbígbóná bó ara ẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi ṣe é

Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí gbogbo ẹ̀ ló ń dán bákan náà. Abẹ́ dídán yẹn, ó lè jẹ́ idẹ, ó lè jẹ́ síǹkì, ó lè jẹ́ stainless, ó lè jẹ́ ike tí wọ́n fi króòmù bò.

Idẹ ni mo fọwọ́ sí. Ó wúwo, kì í dípẹtà, ẹnu ibi tí wọ́n ti ń dè é kì í tètè jẹ. Síǹkì fúyẹ́ jù ú lọ, ẹlẹgẹ́ ni, tí omi yín bá kan bí ásíìdì, irú omi bóòhóòlù tó wọ́pọ̀ lápá Èkó àti etí òkun yẹn, ó ń jẹ síǹkì láti inú, ẹ máa rí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun tó ń yọ lára ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ìdí ẹ̀ á kàn já sọ́wọ́ ẹni tó ń tú u. Stainless tí wọ́n kọ 304 sí dáa, òun ò ní òjé nínú. Òjé ni mo dárúkọ yẹn, ó ṣe pàtàkì: wọ́n máa ń fi òjé díẹ̀ sínú idẹ kó lè rọrùn láti gé, òjé yẹn sì lè yọ́ sínú omi, kò dáa fún ọpọlọ ọmọdé. Láti oṣù kìíní ọdún 2014, òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí òjé ju 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lára ibi tí omi ti ń kan ẹ̀rọ. Tí ẹ bá rí àmì NSF (ti Amẹ́ríkà) tàbí WRAS (ti Gẹ̀ẹ́sì), àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ omi wò, lára páálí, ẹ gbé e yẹ̀ wò ṣáájú àwọn yòókù, kó jẹ́ pé ó wà lára ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀ ló dáa jù torí páálí ò ṣòroó tẹ̀. Èyí tó wù kí ẹ rà, ní òwúrọ̀ ẹ jẹ́ kí omi tó sùn nínú ẹ̀rọ ṣàn sínú kẹ́tùlù ìgbọ̀nsẹ̀ ná kí àwọn ọmọ tó fi fọ eyín.

Báwo lẹ ṣe máa dá wọn mọ̀? Ẹ gbé méjì tó jọra sọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, èyí tó wúwo jù, òun ló sún mọ́ idẹ. Ẹ dojú ẹ̀ dé, ẹ yẹ ìdí ẹ̀ wò, ibi tí króòmù ò dé, tó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́, idẹ ni, tó bá rí bí eérú, síǹkì ni. Ẹ lè mú òòfà lọ, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn spíkà tó ti bàjẹ́, tó bá gbá ara ẹ̀rọ mú, irin lásán ló wà nínú ẹ̀, ẹ gbé e padà. Àmọ́ òòfà kì í mú síǹkì náà o, torí náà tí kò bá mú un, ìyẹn nìkan ò tíì ní ká sọ pé idẹ ni, ìwọ̀n àti àwọ̀ ìdí ẹ̀ lẹ máa fi mọ̀.

Inú ẹ̀ ńkọ́?

Ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ń yí lọ́pọ̀ ìgbà, wáṣà rọ́bà ló ń dá omi dúró nínú ẹ̀. Àwọn tuntun, tí wọ́n ń yí díẹ̀ báyìí tí omi ti dé, pẹlẹbẹ ceramic méjì, tó le bíi táìsì, ló wà nínú kátírííjì (ọkàn ẹ̀rọ tó ṣeé yọ), wọ́n ń yọ̀ lórí ara wọn. Ó rọrùn fún ọwọ́ tó ń ro èèyàn àti ọwọ́ tó ní ọṣẹ, kì í sì í tètè jò, àmọ́ ọ̀tá ẹ̀ ni yanrìn. Yanrìn bíńtín tó bá há sáàárín méjèèjì á ha á, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Tí bóòhóòlù yín bá ń fa yanrìn wá, ẹ fi asẹ́ sójú páìpù tó ń ti táńkì bọ̀, tàbí kí ẹ dúró ti onírọ́bà yẹn, wáṣà ẹ̀ kì í wọ́n, ọmọ ilé lè pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ tún bi oníṣọ́ọ̀bù bóyá ó ní kátírííjì ẹ̀ lọ́tọ̀, ti míksà sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 35 tàbí 40. Tí kò bá ní in, tó sì ní òun ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i, ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún un, torí ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ẹ máa ju gbogbo ẹ̀ nù ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ẹ̀kán omi ò tó nǹkan. EPA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, ti ṣírò ẹ̀ pé ẹ̀rọ tó bá ń kán lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan lè fi gálọ́ọ̀nù tó lé ní 3,000 ṣòfò lọ́dún kan, ó lé ní lítà 11,000. Táńkì lítà 1,000, ẹ pọ́ńpù ẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, kí ẹ fi epo jẹnẹrétọ̀ tàbí owó iná pọ̀ mọ́ ọn.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá dé ọjà

Ní Èkó, apá Òrílé, ọjà Odúnadé, ẹ̀rọ pọ̀ níbẹ̀ lóríṣiríṣi, ìdí nìyẹn tó fi dáa kí fóònù yín ti ní fọ́tò àti ìwọ̀n nínú. Ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí lójú yín. Họ́ọ̀sì méjì fún míksà, rọ́bà tó ń jókòó sórí bésìn, bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì tó ń dì í mú lábẹ́, kí gbogbo ẹ̀ pé. Ẹ gbé apá ẹ̀ sókè sódò bí ìgbà mẹ́wàá, kó lọ wẹ́rẹ́, kó má máa gbọ̀n. Ẹ fi ìka yẹ ibi tí wọ́n ti ń dè é wò, kó má rún. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ sínú ẹ̀, tí wọ́n bá ní idẹ ni, kí wọ́n kọ idẹ. Ẹ lè nájà dáadáa àmọ́ tí èyí tó wúwo bá wọ́n ju èyí tó fúyẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó yé yín pé nǹkan tó wà nínú ẹ̀ lẹ ń san owó ẹ̀.

Àwọ̀, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Króòmù ló rọrùn jù láti tọ́jú. Dúdú àti góòlù rẹwà, àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀dà ni wọ́n kùn ún, á bó, tí omi yín bá sì ní ìpẹtà, àbàwọ́n pupa á hàn lára ẹ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, aṣọ rírọ̀ àti ọṣẹ lásán ni kí ẹ fi nù ún, bílíìṣì àti ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìsì máa ń jẹ ojú ẹ̀.

Dídè é

Ẹ ti fáàfù abẹ́ bésìn, tí kò bá sí, ẹ ti ti táńkì, ẹ ṣí ẹ̀rọ àtijọ́ kí omi inú páìpù tán. Tí kò bá sí fáàfù lábẹ́ bésìn, ọjọ́ yìí gan-an ni kí ẹ fi síbẹ̀, owó kékeré ni, ó ń gba èèyàn lọ́jọ́ tí nǹkan bá bẹ́ lóru. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tú ẹ̀rọ àtijọ́, kí ẹ tó de tuntun, ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́nu páìpù, ẹ ṣí omi fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí yanrìn àti ìpẹtà jáde. Pùlọ́ńbà tó ń kánjú kì í ṣe èyí, ẹ dúró tì í kó ṣe é. Tẹ́ẹ́pù funfun wà fún ibi tí irin ti ń wọ irin, ẹnu họ́ọ̀sì tó ti ní rọ́bà nínú ò nílò ẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ de họ́ọ̀sì títí tí kò fi ní lọ mọ́, kí wọ́n wá fi sípánà fún un díẹ̀ péré, tí wọ́n bá fún un jù rọ́bà á gé. Ẹ tú asẹ́ ẹnu ẹ̀rọ kí ẹ tó ṣí omi àkọ́kọ́, kó ṣàn dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Lẹ́yìn náà ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu gbogbo ìdè abẹ́ bésìn, ẹ tún nù ún lọ́jọ́ kejì, tíṣù á tètè sọ fún yín tí ibì kan bá ń tutù.

Ti màámi, a padà ra pillar tap onídẹ tó ní apá gígùn tí wọ́n lè fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì, omi ń jáde dáadáa, kẹ́tùlù yẹn ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bésìn mọ́. Ẹ̀rọ àtijọ́ wọn tí pùlọ́ńbà fẹ́ kó lọ, mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, idẹ gidi ni, mo fi wáṣà tuntun sí i, ẹ̀yìnkùlé ló wà báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀fọ́, kò kán rárá.